Inú Ìyá Rẹ Tí Mo Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ojú rẹ mọ́lẹ̀ láti kà á, kí iná má sì lọ nígbà tí o bá kà á dé ìdajì. Mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, mo kí ọmọge tí ẹ jọ ń gbé yàrá, mo kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín, tó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Mo kí àwọn kòkòrò inú rẹ náà, nítorí bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé wọ́n máa ń mọ ohun tó ń lọ lórí gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé bàbá rẹ kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gíga tí ẹ ń gùn lọ síbi iṣẹ́ yẹn. Kò ní jẹ́ kí ìgò ọwọ́ rẹ fọ́.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ilé wà níbi tí o fi í sí. Páànù ilé ìdáná tó ń jò ti dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ wá láti ilé rẹ̀, ó gun orí òrùlé, ó kàn án, àmọ́ ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tó ń kan ti àkọ́kọ́ ló ń jò báyìí. Dígí ńlá inú ìsọ̀ mi ṣì là láàárín bó ṣe là, àwọn oníbàárà ti mọ́ ọn lára, ẹni tó bá jókòó á kàn tẹ orí sí ọ̀tún kó lè rí ojú rẹ̀ pé. Tíṣà Fẹ̀yìntì ṣì ń wá gẹrun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun tó kù lórí rẹ̀ kò ju ti inú etí lọ. Mo máa ń gbé kílípà káàkiri orí rẹ̀ láì jẹ́ kó kàn án, kó ṣáà máa gbọ́ ohùn rẹ̀, á wo dígí, á ní mo ti sọ òun di ọmọdé.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Àmọ́ láti yàrá ẹ̀yìn ló ti ń kí ọ, nítorí túúlu yẹn tún ti dé. Ó dé bó ṣe máa ń dé, ojú òsì ló kọ́kọ́ ń ṣe é bàìbàì, ó ní ó dà bí ẹni pé omi ń dán níwájú òun, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ kan orí á bẹ̀rẹ̀ sí lù ú gbì-gbì, ìmọ́lẹ̀ á máa gún un lójú, òórùn páúdà tó bá mi wọlé láti ìsọ̀ á sì mú kó máa bì. Mo ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Mo ti bọ́ sálúbàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń yọ́ rìn nínú ilé ara mi bí olè. Mi ò ní tàn ọ́, ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Tẹ́lẹ̀, bó bá dé, á lọ, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Ní báyìí, kí èyí tó dé tó kó ẹrù rẹ̀, òmíràn ti ń bọ̀ lọ́nà. Obìnrin tó máa ń kọrin bó ṣe ń gbálẹ̀ kò kọrin mọ́, kò sì gbálẹ̀ mọ́, èmi ni mò ń gbá a, mi ò sì mọ orin. Gbogbo ohun tí mò ń wá kò ju kó dìde lọ. Ìyẹn ni mo ṣe gbà láti ṣe gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe, títí kan èyí tó tì mí lójú.

Ìwọ náà mọ̀ pé orí ni iṣẹ́ mi. Orí àwọn èèyàn ni mo fi kọ́ ilé yìí, orí wọn náà ni mo fi rán yín lọ sílé ìwé. Mo ti fọwọ́ kan orí tó ṣe ṣóńṣó, mo ti fọwọ́ kan orí tó tẹ́ lẹ́yìn pẹrẹsẹ, mo ti rí àpá lórí àwọn tí àwọn fúnra wọn kò mọ̀ pé àpá wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, mo mọ ibi tí màá tẹ̀ fún un. Nítorí náà, nígbà tí o pè mí tí o ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìfun ló ń dá túúlu ìyá rẹ sílẹ̀, mo ní kí o tún un sọ, o tún un sọ, mo ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mi ò bá ọ jà. Àmọ́ ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n gba oníbàárà mọ́ mi lọ́wọ́.

O fara balẹ̀ ṣàlàyé, mo dúpẹ́. O ní kòkòrò tí ojú kò lè rí pọ̀ nínú ìfun gbogbo wa, o ní kí n máa wò wọ́n bí ayálégbé, pé àwọn dáadáa wà nínú wọn tó ń bá wa da oúnjẹ, àwọn oníjàgídíjàgan náà sì wà. O ní bí àwọn dáadáa bá dín kù, ó ṣeé ṣe kí inú àti ọpọlọ má gbọ́ ara wọn yé mọ́, nítorí iṣan kan wà tó gba ọrùn kọjá tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. O sì ní kì í ṣe pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tán, pé ẹ ṣì ń wá ìdí rẹ̀ ni. Ibi tí o ti sọ pé ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n tán yẹn gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà ọ́ gbọ́, nítorí oníkẹ́míìsì tó wà ní òpópónà wa mọ gbogbo nǹkan tán, oògùn rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ rí. O tún ní oògùn ẹ̀fọ́rí tí èèyàn bá ń lò léraléra lè máa dá ẹ̀fọ́rí tirẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ta ló máa wá ra oògùn ẹ̀fọ́rí tó ń fa ẹ̀fọ́rí. O ní gbogbo ayé ni. Mo ti kó ti ìyá rẹ pa mọ́ sínú bàtà tí mi ò wọ̀ mọ́, ẹyọ tí o ní kó lò nìkan ni mo yọ sílẹ̀.

Mo sọ fún ìyá rẹ pé ó ti di onílé, ayálégbé kún inú rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ń sanwó ilé. Mo ní ìyẹn kò sí nínú àlàyé tí o ṣe. Ó ní bí wọn kò bá sanwó, tí wọ́n tún ń da ilé rú, kí ló dé tí òun ṣì ń bọ́ wọn. Bí o bá rí èsì fún un, kọ ọ́ ránṣẹ́.

Iṣan tó gba ọrùn kọjá yẹn, mo ti wá a. Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ́, bí oníbàárà bá jókòó, mo máa ń fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀ díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí gẹ̀ ẹ́. Alápatà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà bi mí pé ṣé òun ni mo fẹ́ pa ni. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, wáyà tó ti inú lọ sórí ni mò ń wá. Ó ní òun tí òun ti ń gé ọrùn láti ìgbà èwe òun, òun kò rí wáyà níbẹ̀ rí, kí n gẹ òun kí òun máa lọ.

Èyí tó wá fa wàhálà díẹ̀ ni ti wàrà. O ní kí n máa ra wàrà kíkan fún ìyá rẹ, irú èyí tí kòkòrò dáadáa wà nínú rẹ̀, ká máa wò ó bóyá yóò ràn án lọ́wọ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníwàrà, mo ra ìgò kan. Mo gbé e délé, mo fi awò sójú, mo dà á sínú àwo, mo fi ṣíbí tú u wò. Kò sí nǹkan kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wàrà lásán ni mo rí. Inú bí mi, mo dà á padà sínú ìgò, mo gbé e padà lọ, mo sì sọ níwájú gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pé wàrà tí wọ́n tà fún mi kò ní kòkòrò nínú.

Obìnrin náà ní kí ni mo wí. Mo ní kòkòrò ni mo sanwó fún, mi ò sì rí ẹyọ kan. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ta wàrà, kòkòrò kò wọ inú rẹ̀ rí, èṣìnṣìn gan-an kò bà lé e rí. Mo ní ẹjọ́ tí mo wá rò náà nìyẹn. Mo ní ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí ló ní kí n ra oníkòkòrò, bí tirẹ̀ kò bá ní, kó kúkú sọ, kí n mọ ibi tí mo ń gbà. Ó bú sẹ́kún. Àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìgò wọn sókè wò. Ọkọ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn, ó bẹ̀ mí pé kí n má ba ọjà àwọn jẹ́, ó sì gbé ìgò mìíràn lé mi lọ́wọ́. Èyí náà kò ní. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé o ní ojú kò lè rí wọn. Mo ti padà lọ tọrọ àforíjì, mo sì ti gẹrun fún ọkọ náà láìgbowó, ọ̀rọ̀ ti parí, àmọ́ bí obìnrin náà bá rí mi lọ́nà, ó máa ń kí mi tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ń mu wàrà náà. Ó ní kò dùn, ó ní kò korò, ó ṣáà ń mu ún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ike. Ìwọ lo jẹ̀bi ti àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́ sí wa, nítorí o kò kọ nǹkan kan sí i lára. Mo rí ike kékeré tó mọ́ tónítóní, ṣíbí wà lára ọmọrí rẹ̀, mo ní ọmọ mi ti ronú kan páúdà mi. Mo bu páúdà sí i. Àwọn oníbàárà ń yìn ín, wọ́n ní iṣẹ́ mi ti lajú, mo ń fi ṣíbí náà wọ́n ọn sí wọn lọ́rùn. Ọjọ́ tí o pè, tí o ní ṣé mo ti rí ike tí Màmá máa ya ìgbẹ́ sí, ọrùn akọ́lé kan ni mo ń wọ́n páúdà sí lọ́wọ́. Mo wo ike, mo wo ọrùn, mo rọra dé ọmọrí ike. Mo mọ̀ pé kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ mi ò lè gbé e sójú àwọn èèyàn mọ́.

Nígbà tí èkejì dé, ìyá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan di nǹkan yẹn ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Mo ní o nílò rẹ̀ fún iṣẹ́. Ó ní bí o bá nílò rẹ̀, kí o wá gbà á fúnra rẹ. Mo ní o kò ráyè. Ó ní òun mọ̀ pé o kò ráyè, ó sì kọjú sí ògiri. Mo rò pé agídí ni. Lọ́jọ́ kan tí orí rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó pè mí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ọ̀rá lórí ọ̀rá, kò wo ojú mi, èmi náà kò wo tirẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gbé ẹrù. Akọ̀wé wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tí táì fún lọ́rùn, bi mí kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ti ìyàwó mi ni. Ó ní òun kò béèrè ẹni tó ni ín, kí ni nǹkan náà. Mo ní inú ìyàwó mi ni, ọmọ wa ló ní ká fi ránṣẹ́ sí òun. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣé oúnjẹ ni. O mọ̀ mí, n kì í parọ́, mo ní ó ti jẹ́ oúnjẹ rí. Ó ní ṣé ó lè fọ́. Mo ní kò lè fọ́, àmọ́ kí wọ́n má dojú rẹ̀ dé. Ó ní èló ni owó rẹ̀, nítorí bó bá sọnù. Mo rò ó títí, mo ní mi ò mọ ẹni tó tà á rí. Ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó fẹ́ mì ín, mo ní jọ̀ọ́ kó má mì ín, ìrìn-àjò kò mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ lára. Ó yára gbé e lé tábìlì. Ó ní ṣé nǹkan ẹlẹ́mìí wà nínú rẹ̀ ni. Mo ní wọ́n pọ̀ ju èrò ìlú yìí lọ. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi sún sẹ́yìn, ẹnì kan kúrò lórí ìlà pátápátá. Ìwọ lo pàpà bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mi ò mọ ohun tí o sọ fún un, mo ṣáà rí i pé ó lẹ ìwé pupa mọ́ ọn, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún padà lọ fọ̀ ọ́.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an ló kù. Lánàá, obìnrin kan pè láti ọ́fíìsì yín. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ike ti dé, pé ìbéèrè díẹ̀ wà tí òun fẹ́ bi Màmá, kí n ṣí fóònù sílẹ̀ kó lè ké síta. Mo ṣí i, mo gbé e lé ìyá rẹ níkùn, nítorí mo rò pé àwọn tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Obìnrin náà ní òun ń gbọ́ ariwo kan o. Ìyá rẹ ní ebi ló ń pa òun. A bá gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Ó béèrè bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ni orí ti ń lù ú, bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, bóyá ó máa ń bì. Ìyá rẹ ń dá a lóhùn ní kúkúrú, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti sú. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà ní ṣé inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́.

Ọmọ mi, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú kan ìbéèrè yẹn. Láti ìgbà tí túúlu ti ń ṣe ìyá rẹ, gbogbo dókítà tí a lọ bá ló wo ojú rẹ̀, wọ́n tan iná wo inú etí rẹ̀, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kò sí èyí tó béèrè bóyá inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Mi ò mọ̀ pé sáyẹ́ǹsì ní irú làákàyè yẹn.

Ìyá rẹ ní ó máa ń bàjẹ́. Obìnrin náà ní ṣé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ó ní ojoojúmọ́ ni. Obìnrin náà ní ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ òun ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Obìnrin náà ní bóyá oúnjẹ ilé ló yí padà nígbà náà. Ìyá rẹ ní oúnjẹ kò yí padà, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló dín kù. Obìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mò ń gbọ́ ọ kó-kó-kó. Ó ní ṣé lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń le jù. Ìyá rẹ ní rárá, kí òun tó jẹun ni, nígbà tí òun bá ń bu oúnjẹ, nítorí ọwọ́ òun ṣì máa ń bu ti ọmọ náà sílẹ̀ kí òun tó rántí. Obìnrin náà ní bó bá ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé ó máa ń le ni àbí ó máa ń ṣàn. Ìyá rẹ ní ó máa ń ṣàn. Ó ní etí aṣọ lòun máa ń fi nù ún kíákíá kí ọkọ òun tó wọlé.

Kó-kó-kó dúró. Obìnrin náà ní kí Màmá má bínú, ṣé etí aṣọ ni òun gbọ́. Ìyá rẹ ní etí aṣọ ni, bí kò bá sí aṣọ ìnujú nítòsí. Obìnrin náà ní ṣé ó ti lo oògùn kankan sí i. Ìyá rẹ ní oògùn rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì yín níbẹ̀, ó wọ kóòtù funfun, òun ló fi ike ránṣẹ́.

Mo gbé fóònù sójú wò, mo rò pé iná inú rẹ̀ ti tán. Kò tán. Mò ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń mí. Ó ní kì í ṣe ohun tí òun ń béèrè nìyẹn, ó sì tún yára ní kí Màmá má dá òun lóhùn, kí Màmá máa sọ ọ́ lọ. Ìyá rẹ bá sọ ọ́. Ó ní bí o bá pè, o máa ń ní báwo ni orí, ṣé wọ́n bì, kí ni wọ́n jẹ, ṣé wọ́n yàgbẹ́, o ó sì ní ó dàbọ̀. Ó ní o máa ń kí orí òun, o máa ń kí ìfun òun, o kì í kí òun. Ó ní nígbà tí o ṣì wà nílé, bí túúlu bá dé, o máa ń wọlé wá jókòó nínú òkùnkùn náà, o kò ní sọ nǹkan kan, wàá kàn fi ọwọ́ tútù bo òun lójú. Ó ní ọwọ́ yẹn kò wo túúlu sàn rí. Ó ní àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí òun lè gbà á mọ́ra.

Obìnrin náà dúpẹ́, ó ní ìbéèrè tó kù lè dúró. Ó ní òun fẹ́ lọ pe ẹnì kan. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn wà lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un.

Nítorí náà, mo gbà fún yín. Mo ti bá ọ jiyàn, mo ti fi iṣẹ́ mi ṣe fọ́ńté, àmọ́ mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ, inú ni ẹ̀fọ́rí náà ti ń wá. Mo ti sọ fún alápatà. Mi ò ní kí ẹ dá iṣẹ́ yín dúró o, ẹ yẹ ike náà wò dáadáa, ẹ bá mi wá àwọn ayálégbé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ yóò sì máa mu wàrà rẹ̀ lọ. Mi ò tún ní sọ pé bí o bá wá, túúlu yóò lọ, ìwọ tí o kàwé sọ pé o kò tíì mọ̀, èmi náà kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun méjì ló wà nínú ìyá rẹ. Èyí tó gba inú ike, mo ti fi ránṣẹ́. Èyí tó kù, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í.

Mo mọ̀ pé ibi tí a dé yìí ni mo máa ń tọrọ owó, o sì ti ń retí rẹ̀. Lóṣù yìí, má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Fi owó náà wọkọ̀ wálé. Bí ọ̀gá rẹ kò bá fẹ́ fún ọ láyè, sọ fún un pé ìwádìí ni o ń lọ ṣe, irọ́ kọ́. Bí ó bá ku nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ra abẹ kílípà fún mi lọ́nà, nítorí èyí tí mò ń lò ti bẹ̀rẹ̀ sí fa irun etí Tíṣà Fẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ kò sì ní nǹkan mìíràn lórí. Títí o ó fi dé, bí o bá pè, kí ìyá rẹ kí o tó kí orí rẹ̀.

Ọ̀nà yóò là fún ọ. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní bàjẹ́ lọ́nà, ẹni tí o bá jókòó tì kò ní jẹ́ ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ohun tí ẹ ń wá nínú ìgò yín, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ rí i, bó bá jẹ́ ìwọ ló kọ́kọ́ rí i, wọn kò ní fi orúkọ ẹlòmíràn sí i. Ayọ̀ yóò kún inú rẹ, orí rẹ kò ní fọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, onígbàjámọ̀.

Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún un ṣí. Ìyá rẹ gbọ́ bí mo ṣe ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀, ó pè mí láti inú òkùnkùn, ó ní kí ni mo kọ. Mo ní mo ní kí o wá. Ó ní kí n pa á rẹ́, o kò ráyè, kí n kọ ọ́ pé orí òun ti fúyẹ́. Kò tíì fúyẹ́. N kì í parọ́, nítorí náà mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Ó ti dìde báyìí láti bu oúnjẹ, ó di ògiri mú lọ, ó di ògiri mú bọ̀. Àwo mẹ́ta ló gbé sórí tábìlì.